Ìṣẹ́jú Kan Láìfọhùn

Ẹ̀rọ etí ni Rasmané kọ́kọ́ jowú, kó tó wá jowú ẹni tó ni ín. Ẹ̀rọ náà kò ju ohun dúdú méjì tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ lọ, èyí tí Siaka Toé máa ń fi bo etí nígbà tó bá ń gba ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Rasmané ti rí i tí Siaka bọ́ ọ kúrò lórí ara rẹ̀, tó fi dé Talato lórí, tó sì fọwọ́ ti irun ọmọbìnrin náà sẹ́yìn kí ẹ̀rọ náà lè bo etí rẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá tíì jowú rí lè máa fi í ṣẹ̀rín. Àwa tó ti jẹ ẹ́ rí mọ bó ṣe ń ta.

Òun fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa àrùn náà wọlé. Mẹkáníìkì ni Rasmané Kaboré, alùpùpù ló ń tún ṣe lábẹ́ igi dóńgóyárò kan ní Gounghin, ní Wagadugu níbí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni Talato Zongo ti alùpùpù rẹ̀ dé ibẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀, ó gbé báàgì ńlá kan kọ́ ẹ̀yìn.

"Kí ló ṣe é?" Rasmané bi í.

"Bí mo bá mọ ohun tó ṣe é, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni n bá gbé e wá?"

Púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí. Iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n Rasmané fà á gùn, ẹ má dá a lẹ́bi. Nígbà tó gbójú sókè, ọmọbìnrin náà ti yọ kámẹ́rà kan jáde nínú báàgì.

"Kí lẹ ń yà?"

"Ọwọ́ yín."

"Ọwọ́ elépo yìí?"

"Ọwọ́ tó mọ ohun tó ń wá ni."

Gbólóhùn kan yẹn ló gbé Rasmané ṣubú. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, alùpùpù Talato ti ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é. Wọn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn á máa mu omi jéró tútù, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í tán.

Ọdún tó kẹ́yìn ni Talato wà nílé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ fíìmù ṣíṣe. Iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n fún wọn ni pé kí kálukú wá arúgbó kan, kó ya ìgbésí ayé rẹ̀ bó ṣe rí, láìsí eré, láìsí àbùmọ́. Talato wá títí. Àwọn arúgbó tó ń rí, bí wọ́n bá ti fojú kan kámẹ́rà ni wọ́n ń wọlé lọ wọ aṣọ ọdún, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rédíò.

"Ìyá àgbà mi wà nílé," ni Rasmané wí. "Òwú ló ń ran. Bí ọba bá wọlé tọ̀ ọ́, kò ní gbójú sókè."

Màmá Lamusa ni ìyá àgbà náà, opó tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ tí Talato kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀, igi ìrànwú rẹ̀ ò sì dúró.

"Kí lo ní o fẹ́ yà?"

"Ìgbésí ayé yín ni, Màmá."

"Èwo nínú rẹ̀? Ó pọ̀ o." Ó fa òwú rẹ̀ gùn sí i. "Kí lo sì jẹ́ sí ọkọ mi?"

Ọkọ tó ń wí yìí, Rasmané ni. Bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá àgbà wa ṣe máa ń pe ọmọ ọmọ wọn lọ́kùnrin. Talato tẹrí ba.

"Ó ti yé mi," ni Màmá wí. "Orogún ni wọ́n mú wá bá mi lọ́jọ́ ogbó. Jókòó, orogún mi, ká jọ ṣa kóró lára òwú."

Inú Rasmané dùn lọ́jọ́ náà, ó ń kọrin lórí mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Alùpùpù kékeré aláwọ̀ búlúù tí bàbá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀ ni. Mẹkáníìkì ni, ó lè gun èyí tó dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n Màmá fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dákẹ́, kò sì sí ilé tí wọn ò ti mọ ikọ́ náà ládùúgbò.

Ìgbà kejì tí Talato máa wá, òun nìkan kọ́ ló wá. Ẹnìkan kì í dá fíìmù ṣe. Bí ẹnìkan bá ń yàwòrán, ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ máa gba ohùn, ẹlòmíì náà sì ni Siaka, ọmọ kíláàsì rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ọkùnrin gíga ni, ó gbé makirofóònù sórí ọ̀pá gígùn bí ẹni tó ń lọ já máńgòrò.

"Kí lorúkọ rẹ?" Màmá bi í.

"Siaka Toé, Màmá."

"Toé? Samo ni ọ́? Ẹ kó ajá ilé yìí pamọ́ kó tó jẹ wọ́n tán."

Siaka jókòó láìgbàyè. "Ẹ̀yin ẹrú wa yìí, ta ló ní kí ẹ máa jókòó sórí àga?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mosi ni wá, Samo sì ni rakíre wa. Láti ayé àwọn baba ńlá wa la ti jọ ń bú ara wa, à ń pe ara wa lẹ́rú, à ń jìjàdù orí ajá, nílé ọdún àti nílé òkú. Òfin tó wà níbẹ̀ kò pọ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bínú. Bí Samo bá sì dùbúlẹ̀ sílẹ̀ tó ń bẹ Mosi, Mosi ò gbọdọ̀ kọ̀.

Siaka wá kọjú sí Rasmané. "Ẹrú mi, obìnrin yìí ti dára jù fún ẹ. Èmi tí mo jẹ́ olówó rẹ ni n óò fẹ́ ẹ."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Talato rẹ́rìn-ín. Rasmané náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí eyín ni tirẹ̀ mọ. Ohun tó bà á nínú jẹ́ nìyí: bí Samo bá sọ pé òun fẹ́ gba ìyàwó rẹ, ta ló máa sọ fún ọ bóyá eré ló ń ṣe? Abẹ́ àwàdà fẹ̀, ohun tó pọ̀ ló ń gbabẹ̀. Bí Rasmané bá sì bi í léèrè, òun ló tẹ́, nítorí Mosi tó mú ọ̀rọ̀ Samo sọ́kàn ti di aláìmọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ìyá àgbà ń ran òwú nínú ilé, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń jowú níta.

Kí ọ̀rọ̀ má baà bọ́, Rasmané rán alárinà. Bàbá Salifu, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ olóògbé, gbé obì lọ bá Bàbá Zongo, bàbá Talato, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Bàbá Zongo gba obì náà tìkọ̀tìkọ̀, ó gbé e sórí tábìlì, kò pa á.

"Salifu, mo rán ọmọ yìí níwèé títí orí mi fi hewú. Ṣé ọwọ́ elépo ni yóò wá gbá gbogbo ìwé náà mú?"

"Epo ń ṣí lọ́wọ́, Tíṣà. Ìwà ni kì í ṣí."

"Ká wò ó. Òun náà lẹ́nu, ẹ bi í."

Wọ́n bi Talato. Talato ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí fíìmù mi. Ọjọ́ tí mo bá yà á tán ni n óò fèsì." Obì náà wá wà lórí tábìlì, wọn ò pa á jẹ, wọn ò dá a padà. Rasmané sì wà bí obì yẹn.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń ya fíìmù náà ló di ìyà fún un. Ó ń tú ẹ́ńjìnnì níbí, ọkàn rẹ̀ wà nílé. Bí Talato bá kọjá lẹ́yìn Siaka lórí alùpùpù, pẹ̀lú ẹrù wọn láàárín, Rasmané á máa wo bí ẹrù náà ṣe fẹ̀ tó.

"Siaka yìí," ló wí lọ́jọ́ kan, bí ẹni tí kò ka nǹkan sí, "ṣé ó ní àfẹ́sọ́nà?"

"N kò bi í," ni Talato dáhùn.

"Ẹ jọ wà láti ọdún mẹ́ta, o ò bi í?"

"Ìwọ ni kó o bi í. Ìwọ ni ẹrú rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé òun nìkan ló ń rín in. "Rasmané, kí ló dé?"

"Kò sí."

"Kò sí, tí ojú rẹ fi fà ro báyìí?"

Ìbá sọ ọ́. Ìbá sọ pé, "Ẹ̀rù ń bà mí, ẹni yẹn mọ ìwé tí mi ò mọ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn rẹ láti àárọ̀ dalẹ́." Ẹnu rẹ̀ ò gbé e.

Ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n máa yà á pé. Talato ti sọ fún un láàárọ̀ pé, "Tètè dé lọ́sàn-án," ojú rẹ̀ sì ń dán bó ṣe ń sọ ọ́. Rasmané ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ra awó yíyan, ó fi bébà wé e, ó gun mobilẹ́ẹ̀tì lọ sílé. Lójú ọ̀nà ló ti ń ronú ohun tó máa sọ bí Talato bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àti ohun tó máa sọ bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó pa mobilẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Rasmané wọlé.

"Ẹ kú ọ̀sán o."

Ẹnìkan ò dáhùn. Màmá wà lórí ẹní rẹ̀ tó ń ran òwú, kò wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, Talato àti Siaka jókòó pọ̀ sórí ẹní kan, èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ẹ̀rọ etí wà lórí Siaka, ó di ojú méjèèjì, ó gbé orí sẹ́yìn bí ẹni tó wà lójú àlá.

"Mo ní ẹ kú ọ̀sán o."

Talato na ọwọ́ sí i, àtẹ́lẹwọ́ síta, bí ìgbà téèyàn bá ń dá ewúrẹ́ padà.

"Ará ilé, mo kí yín."

Kò sí ìdáhùn. Níbí, ẹni tí kì í jẹ́ ìkíni, ọ̀tá ni. Wàá kí èèyàn títí dé orí adìyẹ ilé rẹ̀, òun náà á dáhùn títí dé orí ewúrẹ́ ilé tìẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Rasmané kí wọn nínú ilé bàbá rẹ̀. Ohun tó ti ń gbé mì láti oṣù méjì bá gòkè wá lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ ò kúkú ní dáhùn. Ẹ ti rí ara yín. Ilé-ìwé ni mo gbọ́ pé o ń lọ, Talato, n kò mọ̀ pé panṣágà ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀. Kí ìyá àgbà mi sì máa ṣọ́nà fún yín. Ìwọ Samo, jáde nílé wa. Ajá ló yẹ ọ́."

Siaka la ojú. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ajá, bí àṣà ṣe ní kó ṣe. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹ̀rín lójú Rasmané, tirẹ̀ náà kú.

Talato dìde. Ó pa kámẹ́rà. "Ohùn ilé la ń gbà," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí a bá yàwòrán tán níbi kan, gbogbo èèyàn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, a ó gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀. Láìsí i, fíìmù ò ṣe é tò. Ìṣẹ́jú kan péré ni, Rasmané."

"Talato."

"O ti sọ̀rọ̀. Mo gbọ́."

Ó kó ẹrù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Rasmané kọjá. Siaka tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Awó yíyan ṣì wà lọ́wọ́ Rasmané, epo rẹ̀ ń kán sí bàtà rẹ̀.

"Rasmané," ni Màmá wí. Kò pè é ní ọkọ mi. "Rasmané, ìwọ ọmọ yìí."

Lọ́jọ́ kẹta ni Bàbá Salifu dá obì padà fún un. Obì náà ti gbẹ, ó ti sún kì.

"Tíṣà ní kí n sọ fún mẹkáníìkì náà pé ọmọ òun kì í ṣe panṣágà. Kí ni n bá fèsì, ọmọ mi? O ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi."

Rasmané lọ bẹ Talato lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ọmọbìnrin náà dúró, ó gbọ́ ọ tán.

"O kí wa lẹ́ẹ̀mẹta, a ò dáhùn," ló wí. "O ò lè kí wa lẹ́ẹ̀kẹrin?"

"Mo jowú ni."

"Mo mọ̀. Gbogbo Gounghin ló mọ̀."

"Nítorí mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ni."

"Ìfẹ́ tìẹ ń pariwo jù, Rasmané. Kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan míì." Ó wọlé lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Owú ò tán lára Rasmané o, ẹ má tan ara yín jẹ. Ó tún wá pọ̀ sí i, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí òun ń jowú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń rí Talato àti Siaka nínú ọkàn rẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n ti ń to fíìmù, tí wọ́n jọ ń gbọ́ ohùn kan náà. Nílé, Màmá ń sè fún un, ó ń pè é ní Rasmané.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Siaka dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Rasmané gbé ìdí kúrò nílẹ̀, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń retí "ẹrú mi". Kò gbọ́ ọ.

"Rasmané, ẹ kú iṣẹ́."

"Kí ló ṣe alùpùpù rẹ?"

"Alùpùpù mi dára. Jókòó."

Ó yọ ẹ̀rọ etí jáde nínú báàgì, ẹ̀rọ náà gan-an, ó fi dé Rasmané lórí. Ó gbóná létí. Rasmané kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló wá ń gbọ́: afẹ́fẹ́ nínú ewé, adìyẹ kan tó ń họ ilẹ̀, igi ìrànwú Màmá tó ń yí nínú igbá. Ilé wọn ni. Kò mọ̀ pé ilé wọn lóhùn tó báyẹn. Lẹ́yìn náà, lọ́nà jíjìn, ó gbọ́ ohun kan tó mọ̀ ju ohùn ara rẹ̀ lọ. Mobilẹ́ẹ̀tì ń bọ̀.

"Ọkọ mi ń bọ̀," ohùn Màmá wí, jẹ́jẹ́.

Ohùn míì wá, ó sún mọ́ etí rẹ̀ débi pé ó wẹ̀yìn.

"Ọkọ wa ni, orogún mi. Lónìí ni n óò sọ fún un."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu, Talato wá ní kí wọ́n dákẹ́ kí ìṣẹ́jú náà lè bẹ̀rẹ̀. Mobilẹ́ẹ̀tì sún mọ́ tòsí. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kú ọ̀sán o. Rasmané já ẹ̀rọ náà kúrò létí, nítorí ó mọ ohun tó kù.

"O di ojú lọ́jọ́ náà."

"Mo dì í. Etí mi méjèèjì ló sọ ọ́ sí."

"Mo rò pé..."

"O rò ó re. Ibi tó o gbé e sí lo ti ṣì." Siaka ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sọ níwájú gbogbo èèyàn pé n óò fẹ́ ọmọ Mosi yìí. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò ṣeré."

Sípánà wúwo lọ́wọ́ Rasmané. Ayọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀, ó tó kó máa fò, ṣùgbọ́n owú náà dìde pẹ̀lú ayọ̀ ọ̀hún, ó sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó ti wá rí ilẹ̀ dúró lé. Ó fẹ́ lu ọkùnrin náà. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn.

"Kí ló dé tó o fi gbé e wá?"

"Mo ti gbọ́ ọ tó ogójì ìgbà. Mo ń wá ibi tí tèmi wà nínú rẹ̀." Ó mi orí. "Ó ti wà lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Rasmané. Mo lè pa á rẹ́, ẹnìkan ò ní mọ̀. Ìwọ jowú ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo ayé gbọ́. Èmi jẹ tèmi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo dákẹ́ sí i. Ta ló burú jù nínú wa?"

Rasmané bu omi jéró fún un, ó gbà á, ó mu.

Láti ibẹ̀ ni Siaka ti lọ sílé Bàbá Zongo. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, àwọn tó ń kọjá sì dúró wò ó.

"Ẹ̀yin ẹrú mi, ẹ jáde wá."

Bàbá Zongo jáde, ó wọ awò ojú rẹ̀. "Toé, dìde. Aṣọ rẹ ń bàjẹ́."

"N kò dìde títí ẹ ó fi gba obì yẹn padà."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Ẹrú mi ló ṣẹ̀. Olówó ẹrú ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹrú. Bí ẹ bá kọ̀, n óò kú síbí, orí ajá ọgọ́rùn-ún lẹ ó sì fi sin mí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bàbá Zongo, inú sì ń bí i pé ẹ̀rín fẹ́ pa òun. "Ẹ̀yin Samo, ẹ ò ní í jẹ́ kéèyàn bínú tẹ́rùn láéláé. Dìde. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni wọ́n bú, òun ni yóò sọ tẹnu rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì ni Talato dé ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Siaka gbé ohùn mi fún ẹ láìbi mí. Mo ti bá a jà."

"Má bá a jà."

"Ìwọ ló ń gbèjà rẹ̀ báyìí?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e padà. "O ti gbọ́ ohun tí mo sọ. N kò ní tún un sọ torí pé o gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Sátidé la ó fi fíìmù náà hàn nílé-ìwé. Ohun tó o wí wà nínú rẹ̀, mi ò yọ ọ́. Màmá ló ní kí n má yọ ọ́. Wá jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Bó o bá lè jókòó dé òpin, n óò mọ irú ẹni tí mo fẹ́ fèsì fún."

Rasmané fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ Sátidé náà. Màmá Lamusa jókòó ní apá ọ̀tún rẹ̀, Bàbá Zongo ní apá òsì, àwọn tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn wọn. Màmá yọ lára aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri, ó tóbi, ó ń ran òwú. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe gbé òun lọ sílé ọkọ, ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó sin. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí Rasmané ò gbọ́ rí.

"Ọkọ mi jowú. Samo kan rí mi lọ́jà, ó ní ìyàwó òun ni mí, mo rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ìgbà òjò kan. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń gun mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ, ó ń bọ̀, kò fọhùn. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ fún un lọ́dún náà. Ìgbà tó máa fi lanu, mo ti gbàgbé rẹ̀. Di ọjọ́ tó kú, mi ò rántí rẹ̀ mọ́."

Ìdákẹ́jẹ́ dé. Ewé, adìyẹ, igi ìrànwú. Mobilẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ láti òkèèrè. Rasmané ń dúró de ohùn Talato, èyí tó máa gbà á là níwájú bàbá rẹ̀. Kò gbọ́ ọ. Talato ti yọ tirẹ̀ kúrò. Ti Rasmané nìkan ló fi sílẹ̀, ó sì jáde, ó dún nínú yàrá náà ní kíkún: panṣágà, ajá, gbogbo rẹ̀. Bàbá Zongo wúkọ́. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ Rasmané ti fẹ́ dìde, ó fọwọ́ méjèèjì tẹ eékún rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lára aṣọ funfun, Màmá ò jáwọ́. Ó ń fa òwú rẹ̀ gùn. "Ẹ gbọ́ ọ bí?" ló sọ fún kámẹ́rà, nínú èyí tí Talato padà wá yà lẹ́yìn ìjà náà. "Ohùn bàbá àgbà rẹ̀ nìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n eléyìí fọhùn lọ́jọ́ náà gan-an. Bóyá á yé e."

Iná tàn. Rasmané ṣì wà lórí àga rẹ̀, omi lójú rẹ̀, kò nù ún. Bàbá Zongo wò ó, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó fọ̀ títí tó fi bó, ó yí ojú padà. "Ó jókòó," ló wí, kò sọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Talato gba àárín àga wá. Kò wo Rasmané, ìyá àgbà ló wò.

"Orogún mi, ẹ sún díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti ọkọ wa."

Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà, ní àgbàlá Màmá Lamusa. Wọ́n pa obì tuntun, Bàbá Zongo jẹ tirẹ̀ láìfajúro. Bí ìyàwó ṣe fẹ́ wọlé, Siaka na ọ̀pá makirofóònù rẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni mo ni ín. Ẹrú ò lè níyàwó kí olówó rẹ̀ máa wò."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ń pàtẹ́wọ́, Màmá ní kí wọ́n mú orí ajá wá fún un kó lè yà lọ́nà. Talato rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín in láti ọdún mẹ́ta. Rasmané náà rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rín in, Siaka sì rí i pé ó pẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Siaka gbé ọ̀pá náà kúrò.

Nígbà tí oúnjẹ tán, Siaka ní òun fẹ́ gba ohùn àgbàlá náà fún wọn kí wọ́n ní i lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ẹrú mi, ìṣẹ́jú kan. Ẹnikẹ́ni má fọhùn."

Àwọn èèyàn dákẹ́, títí kan àwọn ọmọdé. Ó gbé ẹ̀rọ etí wọ orí. Talato jókòó ti ọkọ rẹ̀, èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Siaka di ojú.

Rasmané mọ ohun tí Siaka ń gbọ́. Owú ta á ní àyà bó ṣe máa ń ta á, ó pa á mọ́ra, kò sì fọhùn títí ìṣẹ́jú náà fi pé.